Mo Yọ Fílítà Ọkọ̀ Màmá Dámi, Mo Ní Mo Fọ̀ Ọ́ Ni

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ bá mi ka ọ̀rọ̀ mi dé òpin kí ẹ tó ṣẹ́ èpè fún mi. Mi ò kàwé púpọ̀. Ẹ má wo àṣìkọ mi.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀, mi ò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀, oṣù tó kọjá ni òun náà sì tó gbọ́. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé ìyá arúgbó kan ń kú lọ ní Abúlé Adó, ó sì gbà pé òun lòun pa ọmọ-ọmọ òun. Kì í ṣe òun. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú ikú ọmọ náà, ọwọ́ mi ni.

Mẹkáníìkì ni mí. Ìkirè ni wọ́n ti bí mi, àmọ́ ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà l'Ékòó. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Kuje, lẹ́yìn Festac. Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń pè mí. Mi ò ní lè dárúkọ ju ìyẹn lọ. Àwọn orúkọ yòókù tí ẹ máa rí níbí, mo ti yí wọn padà.

Ọkọ̀ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n mọ̀ mí mọ́. Láti Mazamaza títí wọ inú Festac, bí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì bá da ènìyàn láàmú, wọ́n á ní, "Gbé e lọ fún Bàbá Ìbejì, á rí i ṣe." Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ló kó bá mi. Kì í ṣe owó.

Màmá Dámi jẹ́ opó. Olùkọ́ ni ní ilé ìwé girama kan nínú Festac, wọ́n sì ń gbé ní Fifth Avenue. Ó bí ọmọ mẹ́ta. Àwọn méjì àkọ́kọ́ wà lókè òkun. Dámi ni àbígbẹ̀yìn, ọmọ ogún ọdún, tó ń lọ sí yunifásítì. Ọmọ náà ní ásímà láti kékeré. Bí ó bá dé sí i, àyà rẹ̀ á fún pinpin, èémí rẹ̀ á máa dún bí ẹni tó ń fọn fèrè. Ó ní ike kékeré kan tó máa ń fà sẹ́nu, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí i.

Ẹnì kẹta nínú ilé náà ni Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ Màmá Dámi tó ti kú. Ará Ìlàjẹ ni. Òun ló wo Dámi dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́. Ní gbogbo Sátidé, ó máa ń yan ẹja lẹ́yìn ilé, nínú ìdajì dúróòmù kan tí wọ́n gé. Gbogbo àdúgbò ló ń jẹ ẹja rẹ̀.

Àkọ́bí Màmá Dámi, tó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù, ló fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́. Dísẹ́ẹ̀lì ni, aláwọ̀ eérú. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, wọ́n ní kí n wá wò ó. Màmá Dámi mú áńkáṣífù funfun, ó fi nu ẹnu sàlẹ́ńsà, ó sì nà án sí mi. Kò dúdú.

"Bàbá Ìbejì, ẹ rí i? Ọmọ mi ní kò ní máa rú èéfín. Ó ní nítorí àbúrò òun lòun ṣe ra irú èyí."

Ó ya èmi náà lẹ́nu. Mi ò tíì rí irú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ rí.

Kò pé ọdún kan tí iná kan fi tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ náà ò lágbára mọ́. Bí ó bá fẹ́ gun bíríìjì Mile 2, ẹlẹ́sẹ̀ á yà á sílẹ̀. Mo tú ìhín, mo tú ọ̀hún. Mi ò rí ìdí rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ilé rẹ̀ kángun sí ilé Màmá Dámi. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Dòtun. Inú Festac ni wọ́n bí i sí. Ẹnjiníà ni ní iléeṣẹ́ tẹlifóònù kan, ó sì ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó lọ sí sáíbà káfè, ó tẹ ìwé bíi mélòó kan jáde, ó sì bá Màmá Dámi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó dúró síwájú àwọn mẹkáníìkì yòókù, ó ń kà á fún mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fílítà kan wà lára sàlẹ́ńsà ọkọ̀ yìí. Àpótí irin ni. Inú rẹ̀ ní ihò wínníwínní bí afárá oyin. Òun ló ń gba èérí inú èéfín dúró kó má bàa jáde. Ó ti kún ni. Bí ọkọ̀ bá sáré geere lójú títì, inú rẹ̀ á gbóná, á sì jó èérí náà dànù fúnra rẹ̀. Àmọ́ àárín Festac ni Màmá ń wà á. Kò ráàyè gbóná."

Mo ní, "Kí ni ká wá ṣe sí i?"

"Ká kọ́kọ́ gbé e sáré. Bí kò bá gbà, ká tú u ká fọ̀ ọ́. Bí ìyẹn náà ò bá gbà, ká ní kí Bọ̀dá tó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù fi tuntun ránṣẹ́. Àwọn kan wà tó ń yọ ọ́ dànù. Wọ́n ní ọkọ̀ á tún máa fò bí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo èérí yẹn, ìta ló ń bọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ ọ́. Ẹ rántí Dámi."

Màmá Dámi wojú mi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín, Bàbá Ìbejì. Kí lẹ rí sí i?"

Mo ní, "Mo máa fọ̀ ọ́, mà."

"Ẹ ò ní yọ ọ́?"

"N ò ní yọ ọ́, mà."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Àmọ́ inú ń bí mi. Ọmọ tí kò di sípánà mú rí wá ń fi ìwé kọ́ mi níṣẹ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ mi.

Mo gbìyànjú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú. Mo gbé ọkọ̀ náà jáde láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo kọrí sí ọ̀nà Bàdágìrì. Kòtò ojú ọ̀nà ò jẹ́ kó sáré. Iná náà ò kú. Mo tú àpótí náà, mo fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn. Nígbà tí mo dè é padà, bó ṣe wà náà ló ṣe wà.

Ó di ọjọ́ kẹrin. Ọ̀kadà ni Màmá Dámi àti ọmọ rẹ̀ ń gùn. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀sín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá Ìbejì, tòkúnbọ̀ yìí mà ti ju ẹ̀ lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára.

Mo gbé àpótí náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Mazamaza, níbi tí wọn ò ti mọ ọkọ̀ tó wà fún. Ó bá mi gé e. Mo mú ọ̀pá irin, mo gún inú rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́, mo dà á sínú àpò. Bí òkúta tí iná ti jó ló rí. Wẹ́dà tún jó irin rẹ̀ pọ̀ padà. Nígbà tí mo dè é padà, àpótí òfìfo ni. Iná tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo yọ gílóòbù rẹ̀.

Ọkọ̀ ta kìjí. Ó gun bíríìjì Mile 2 bí ẹni tí wọ́n lé. Mo gbé e dé iwájú ilé Màmá Dámi, mo ní, "Mo ti fọ̀ ọ́, mà."

Obìnrin náà gbàdúrà fún mi títí. Ó ní òun jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí mi, pé Ọlọ́run lo ọwọ́ mi. Ìyá Àgbà náà di ẹja yíyan mẹ́rin sínú béébà fún mi. Mo gbà á. Èmi àti àwọn ọmọ mi jẹ ẹ́.

Fún oṣù kan àti díẹ̀, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà ni Màmá Dámi pè mí pé òun ń gbóòórùn nínú ọkọ̀. Mo wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ibi tí wẹ́dà jó ti là. Ojú ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ètè, èéfín ń gbabẹ̀ jáde. Lókè rẹ̀ gan-an, páànù ilẹ̀ ọkọ̀ ti dípẹtà, ó sì ti lu. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sókè. Èérí dúdú kíki ni mo bá níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí Dámi máa ń jókòó ni.

Mo rí i. Mi ò lè sọ pé mi ò rí i. Mo fi àkísà nu ún, mo fi pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ dí ihò náà, mo fi dí ojú ibi tó là, mo sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì padà. Bí mo bá tú u fún wẹ́dà mìíràn, á pẹ́, Dòtun á sì wá wò ó. Mi ò fẹ́ kó wò ó. Pọ́tì ò sì lè dúró lójú ooru sàlẹ́ńsà. Èmi náà mọ̀.

Ásímà Dámi ń le sí i. Tẹ́lẹ̀, ó lè tó oṣù méjì kó tó gbé e ṣubú. Ó wá di ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wá di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá Dámi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó sórí táyà.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi o. Mo kàn fẹ́ béèrè ni. Ṣé kò lè jẹ́ ọkọ̀ yìí ló ń dà á láàmú?"

Mo ní, "Ọkọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀, mà? Rárá o."

Mo rí i pé kò tíì dá a lójú. Ni mo bá ní, "Ẹja tí Ìyá Àgbà ń yan lẹ́yìn ilé ńkọ́?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Ẹnu mi ló kàn já a sọ. Àmọ́ nígbà tí mo rí i pé ó gbà á, mi ò kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Mo tún fi kún un. Mo ní èéfín ẹja máa ń wọ ògiri, ó ń wọ aṣọ, kì í tètè jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé dúróòmù náà jù nù. Ìyá Àgbà ò jiyàn. Ó ní bí ó bá jẹ́ nítorí Dámi ni, kí wọ́n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ásímà náà ò lọ. Màmá Dámi tún wá béèrè lọ́wọ́ mi, mo ní èéfín ti wà lára aṣọ Ìyá Àgbà àti ẹrù rẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan. Láàárín oṣù kan, wọ́n ní kí Ìyá Àgbà lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Abúlé Adó.

Èmi ni wọ́n bẹ̀ pé kí n gbé e lọ. Ọkọ̀ yẹn náà ni mo fi gbé e.

Ẹ̀yìn ló jókòó, ó gbé àpò rẹ̀ lé orí itan. A ò tíì jáde ní Festac tó fi ń fa imú.

"Bàbá Ìbejì, èéfín wo lèyí? Kì í ṣe ti igi."

Mo ní, "Ti ọkọ̀ iwájú wa ni, Ìyá."

Ó ní, "Hẹn-ẹ́n." Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún ní, "Ọmọ mi, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń yan ẹja. Ẹ̀yìn mi ni Dámi wà nígbà tí mò ń yan án. Kò húkọ́ nígbà yẹn."

Mo yí gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sílẹ̀. Nígbà tí mo gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi.

Ibi tí mò ń bẹ̀rù láti kọ ni mo dé yìí.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Òjò ń rọ̀. Mo lọ dá ọkọ̀ náà padà fún Màmá Dámi, torí mo bá a pààrọ̀ bíréèkì. Bí mo ṣe wọ géètì ni mo gbọ́ igbe. Dámi wà lórí àtẹ̀gùn, ìyá rẹ̀ dì í mú. Ètè ọmọ náà ti ń dúdú. Ó fa ike ẹnu rẹ̀, kò ràn án.

Dòtun sáré wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó ní, "Màmá, ọkọ̀ mi wà níta, mo ti tanná sí i. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Epo bẹntiróòlù ni ọkọ̀ Dòtun ń lo. Kò lábùkù kankan. Èmi fúnra mi ni mò ń tún un ṣe.

Màmá Dámi wò mí. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, èwo ká gbé?"

Ẹ̀yin ènìyàn, ó bi mí léèrè. Mo lè sọ pé ti Dòtun. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Mo rò ó pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á bi mí pé kí ló ṣe ọkọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó. Kò sẹ́ni tó máa bi mí. Ta ló ń béèrè irú ìyẹn nígbà tí ọmọ ń kú lọ? Kò sẹ́ni tó máa béèrè.

Mo ní, "Tiyín, mà. Tiyín ló yá jù."

Èmi ni mo wà á. Omi ti kún ojú ọ̀nà tó jáde sí First Gate, ọkọ̀ ò rìn. Òjò ń gba ojú gíláàsì ẹ̀yìn wọlé, Màmá Dámi bá yí i sókè. Mò ń wò wọ́n nínú díńgí. Mo rí i tí Dámi fi ọwọ́ bo imú.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣí wíńdò."

Ìyá rẹ̀ ní, "Òjò ni, ọmọ mi. Òtútù ò dáa fún ẹ. A ti ń dé."

Mo yí tèmi sílẹ̀. Òjò na apá mi. Mi ò sọ pé kí ó ṣí ti ẹ̀yìn. Òórùn náà ń wọ èmi náà nímú.

Ó gbà wá tó wákàtí kan ká tó dé ọsibítù. Wọ́n gbé e wọlé. Màmá Dámi mú ọwọ́ mi dání, ó ń gbàdúrà, èmi náà ń ṣe àmín. Kò tó aago márùn-ún tí dókítà fi jáde sí wa. Ó ní ọmọ náà ò lè mí mọ́ nígbà tí a gbé e dé. Ó ní wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe.

Mi ò lè búra pé èéfín ọkọ̀ yẹn ló pa á. Ó lè jẹ́ pé bí a bá gbé ti Dòtun náà, bó ṣe máa rí nìyẹn. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí tu ara mi nínú títí, kò wọ̀ mí létí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo mọ̀ pé èéfín ń wọ inú ọkọ̀ náà, mo sì gbé ọmọ tí kò lè mí sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, èmi ni mò ń to àga. Ìyá Àgbà wá láti Abúlé Adó. Kò tíì wọ géètì tán tí obìnrin kan nínú ẹbí fi sọ fún un pé, "Kí lẹ tún wá ṣe? Èéfín yín mà ti parí iṣẹ́ rẹ̀." Màmá Dámi gbọ́. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Arúgbó náà dúró díẹ̀, ó yí padà, ó ń lọ. Àga méjì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò gbé wọn sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá Dámi ní òun ò fẹ́ fojú kan ọkọ̀ náà mọ́. Ó ní kí n máa gbé e lọ, pé èmi ni mo tọ́jú rẹ̀. Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, mo tú u sí wẹ́wẹ́. Àpótí yẹn ni mo kọ́kọ́ yọ.

Kí Dòtun tó rìnrìn àjò lọ sókè òkun, ó yà lọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fọ nǹkan yẹn lóòótọ́?"

Mo ní, "Mo fọ̀ ọ́."

Ó wo ọwọ́ mi fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, sà." Inú mi dùn nígbà tó lọ. Ẹ ò rí irú ènìyàn tí mo ti dà?

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè mí pé kí n wá wo jẹnẹrétọ̀ kan ní Abúlé Adó. Ọmọ àbúrò Ìyá Àgbà rí mi lójú ọ̀nà, ó fà mí wọlé. Ó ní ìyá náà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná nítòsí òun mọ́. Gààrí tútù ló ń rẹ mu. Bí àwọn ará ilé kejì bá tan ààrò, á fi ìró bo imú, á máa sunkún.

Ó ti rù kan egungun. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ohùn mi ló fi dá mi mọ̀.

"Bàbá Ìbejì, o ṣeun tó o wá. Ìwọ tó mọ nǹkan èéfín, jọ̀ọ́, má purọ́ fún mi. Ṣé èéfín mi ló pa á?"

Mo kúnlẹ̀. Mo la ẹnu. Ìyàwó ilé náà gbé omi wọlé fún mi, ó dúró síbẹ̀, ó ń wò mí. Mo ní, "Ẹ sinmi, Ìyá. Ẹ má da ara yín láàmú."

Ó mi orí. Ó ní, "Ó yé mi." Ó gbà pé ohun tí mo ń sọ ni pé èéfín òun ló pa á. Mo jáde, mo kọrí sílé.

Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ìyàwó mi. Ó sunkún, lẹ́yìn náà ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Ó ní Màmá Dámi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá ènìyàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Bí o bá sọ fún un, kì í ṣe àṣírí tìẹ nìkan ló máa tú. Òun náà á mọ̀ pé òun lé ẹni tí kò ṣe nǹkan kan jáde nílé ọmọ rẹ̀. Ṣé o fẹ́ kó tún gbé ìyẹn?" Ìyàwó mi kì í ṣe ènìyàn burúkú.

Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá fún mi. Wọ́n ti pọ̀ sí i l'Ékòó báyìí. Wọ́n á ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ bá wa yọ ọ́ jàre, kó lè máa fò." Mi ò fọwọ́ kan án mọ́. Ẹ̀yin mẹkáníìkì ẹgbẹ́ mi tó ń yọ ọ́, mi ò lẹ́nu láti dá yín lẹ́jọ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹ bi í pé ta ló ń jókòó sẹ́yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí ni ọmọ àbúrò Ìyá Àgbà pè mí lórí fóònù. Ó ní ìyá náà ò mu omi mọ́. Ó ní bí mo bá fẹ́ rí i, kí n tètè wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Bí mo bá sọ fún arúgbó náà nìkan, ara á tù ú kó tó lọ, àmọ́ gbogbo ẹbí á ṣì máa pè é ní apànìyàn lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí mo bá sọ fún Màmá Dámi, ó lè sáré lọ bẹ ìyá ọkọ rẹ̀ nígbà tó ṣì ń mí. Ó sì lè ṣubú kó má dìde mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà, ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run, ẹ bá mi dá sí i.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà máa ń pẹ́ kó tó jáde nínú ìwé ìròyìn yín. Mo mọ̀ pé láti ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀kadà kan á gbé mi dé Abúlé Adó láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀sán la wà yìí, òjò ò rọ̀, kò sí ọkọ̀ kankan níwájú mi tí mò ń tún ṣe. Àmọ́ mo jókòó síbí, mò ń kọ̀wé sí yín, mò ń béèrè ohun tí mo máa ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí pé ńṣe ni mò ń dúró kí ìyá náà kú, kí n má bàa ní ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.